Ẹ̀gà ti ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi di okùn, ṣé kí n lé wọn ni àbí kí n máa wòran?

ÌyáEléwédú

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú òjò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ju ohun tí mo lè dá rò lọ.

Mọ́níyà la wà, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yìnkùlé wa ò tóbi, ká sọ pé ó gba ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá tò ó dáadáa. Nígbà tí a kó débẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ńtì ló kún ibẹ̀, èmi ni mo ń ṣà á díẹ̀díẹ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé títí ilẹ̀ fi hàn. Mo wá gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ata rodo, efinrin, mo ki ewúro bọ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, ìbẹ́pẹ méjì sì wà tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, ibi tí a ń da èèpo èso sí ni wọ́n ti hù fúnra wọn. Olórí gbogbo ẹ̀ wá ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi lọ́mọ ẹ̀ láti Ìkirè, ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ dòdò, Ìkirè ò kẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pẹ kan dúró sí igun fẹ́ńsì wa. Oṣù Kẹrin, tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, mo rí ẹ̀gà méjì lórí ẹ̀, mo ní ẹ káàbọ̀. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ìtẹ́ tí mo kà ti lé ní ogójì, ariwo ò wá ṣeé fẹnu sọ, kí ladani tó pe ìrun àárọ̀ tán wọ́n ti ná ọjà tiwọn dé ìdajì. Wọ́n bó imọ̀ ọ̀pẹ yẹn títí ó fi ku ìgbálẹ̀ lásán, wọ́n wá bọ́ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ ti wo bí ẹ̀gà ṣe ń ya ewé rí? Á bà sétí ewé, á fi ẹnu gé e níbì kan, á di ibẹ̀ mú, á wá fò, bó ṣe ń fò lọ ni ewé á máa ya tẹ̀lé e gbọọrọ bí ìgbà tí aránṣọ bá ń fa ọjá ya lára aṣọ. Mẹ́ta nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún yẹn ti rí jálajàla bí ẹ̀kú eégún.

Bàbá àwọn ọmọ ní òun máa pe ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kó wá gé gbogbo imọ̀ yẹn lulẹ̀ tìtẹ́tìtẹ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, òun ló fẹ́ràn dòdò jù nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín: mo ti ń gbádùn àwọn ẹyẹ yìí. Tí mo bá ti dé láti ilé ìwé (tíṣà ni mí), mo máa ń gbé àpótí síta pẹ̀lú tíì mi, tí mo bá máa fi gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo pé ebi ń pa wọ́n, ilẹ̀ ti ṣú. Akọ ló ń kọ́lé o, èyí tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ tí orí ẹ̀ dúdú tí ojú ẹ̀ sì pupa. Tó bá kọ́lé tán á dorí kodò sábẹ́ ẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ méjèèjì pìpìpì, á máa pe abo. Akọ kan wà tí mo dá mọ̀ torí pé ìrù ẹ̀ ti já lápá kan, ó kọ́lé parí, abo wá, ó wọlé, ó yọjú, ó jáde, ó bá tiẹ̀ lọ. Òmíì wá, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹrin akọ yẹn fúnra ẹ̀ ló tú ilé náà palẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sílẹ̀. Ó ká mi lára bí ẹni pé àbúrò mi ni wọ́n ṣe é fún.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ewé tí wọ́n ń ya yìí máa ba èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ lóòótọ́ àbí ojú lásán ni ò dùn ún wò? Ṣé ọ̀nà kan sì wà tí ilẹ̀ kékeré yìí fi lè gba èmi àtàwọn? Ẹ má ní kí n lọ ra oògùn o, mo ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé.

OlókoÈrúwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Mi ò ní tàn yín, tó bá pọ̀ ó máa bà á jẹ́. Ewé ni ilé ìdáná ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ tó ń gbé fún ọmọ. Ewé tí atẹ́gùn ya ò ní wàhálà púpọ̀ torí pé ó ya lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára igi, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ti ẹ̀gà ni pé wọ́n gbé e lọ ni. Èyí tí ò tíì yọ ọmọ nínú wọn lẹ máa dáàbò bò, tí ewé tó pé lára ẹ̀ nígbà tó fẹ́ yọ ọmọ ò bá tó bíi mẹ́jọ, ọmọ ẹ̀ á kàn rí tín-ín-rín ni, ẹ ó gé e tán ẹ ó máa wò ó. Èyí tí ọmọ ẹ̀ ti gbó, tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ gé e, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ya á lọ jàre.

Ẹ wá bá mi sọ fún bàbá wọn pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígé yẹn. Ewé tútù ni ẹ̀gà fi ń hun ilé, kì í fi gbígbẹ hun. Tẹ́ ẹ bá gé ogójì ìtẹ́ lulẹ̀ lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ogójì míì, níbo lẹ rò pé wọ́n á ti já ewé ẹ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín náà ni o. Àwọn tó ti kọ́lé tán tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ò ní wàhálà tó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́.

Ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi, màá wá nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí ò tíì yọ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ fà á kó le dáadáa o, tó bá rọ̀ ẹyẹ á há sí i, ó lè kú síbẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ kí koríko tó máa ń ga yẹn, èyí tí a ń já fún ewúrẹ́ tí ewé ẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó hù sí igun kan lẹ́yìn ọ̀pẹ. Ẹ̀gà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó tún sún mọ́ wọn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ta ni ò fẹ́ ọjà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀?

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé èmi ni ọ̀rẹ́ ẹyẹ jù láyé yìí, lóko àgbàdo mi èmi àti ẹ̀gà ò rẹ́ o. Tí ọmọ àgbàdo bá ti ń gbó, àwọn ọmọ mi máa ń fi kànnàkànnà dúró láti ìdájí ni. Ẹ̀yìnkùlé yàtọ̀ sí oko tí èèyàn ń jẹ lára ẹ̀.

Kẹ́hìndé_Bódìjà

Ogójì ilé láìsan owó ilé, láìsan kọmíṣọ́ọ̀nù fún ejẹ́ńtì, n'Ìbàdàn yìí? Lanlọ́ọ̀dù mi ò gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí o. Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi máa ṣọ́ akọ tí ìrù ẹ̀ já yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ tèmi, tó bá ti rí ẹni gbà á ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè mọ irú ilé tí mo máa kọ́.

Adé_Ilé_Ifẹ̀

@Kẹ́hìndé, o ò ní pa èèyàn.

Màmá, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára jù, kì í ṣe pé ó kùnà. Ewé tútù ni abo ń wò. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò bá gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé ẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, kò sí abo tó tún máa wò ó mọ́, ìdí nìyẹn tí akọ fi ń tú u kó lè rí àyè kọ́ tuntun síbẹ̀. Akọ kan lè kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní àsìkò òjò kan, kó sì ní ju ìyàwó kan lọ. Tí abo bá ti gbà, òun ló máa tẹ́ inú ẹ̀, ẹ ó rí i tó ń gbé koríko rírọ̀ tàbí ìyẹ́ wọlé, ìyẹn lẹ máa fi mọ̀ pé ìgbéyàwó ti yọrí.

Tẹ́ ẹ bá rí èèpo ẹyin wọn nílẹ̀ ẹ fara balẹ̀ wò ó. Àwọ̀ ẹyin abo kan kì í jọ ti èkejì, òmíì funfun, òmíì bíi búlúù, òmíì ní tótòtó lára. Wọ́n nídìí ẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán bí ewé tútù, kì í kọ́lé rárá, ilé ẹ̀gà ló máa ń yọ́ wọ̀ lọ yé ẹyin sí kí ẹ̀gà lè bá a tọ́mọ. Ẹ̀gà tó bá mọ àwọ̀ ẹyin tiẹ̀ á tètè rí àjèjì, á gbé e jù síta. Èmi gan-an ò gbà á gbọ́ nígbà tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ ọ́, ó di ọjọ́ tí mo rí i tí ẹ̀gà gbé odindi ẹyin sẹ́nu tó jù ú sílẹ̀ lójú mi.

Ẹ tún wá gbọ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ mọ̀ pé ìbátan ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yín? Malimbus ibadanensis. 1958 ni onímọ̀ ẹyẹ kan, ọ̀gbẹ́ni Elgood, kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Orí àti àyà ẹ̀ pupa, ara tó kù dúdú. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì ti wọ́n gan-an torí pé igbó ti ń tán. Inú igbó IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn yẹn, wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i, Mọ́níyà sì rèé nítòsí ẹ̀. Mi ò sọ pé ó máa bà sórí ìbẹ́pẹ yín o, inú igbó ló ń gbé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí olórí pupa kan lọ́jọ́ kan, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó pariwo.

Tiwa n'Ifẹ̀ níbí, àdán ni. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n máa ń gbéra nínú ọgbà Yunifásítì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú ọ̀run á dúdú. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ funfun sábẹ́ igi wọn á sọ èyí tójú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àdán wà lára àwọn tó ń bá wa gbin ìrókò, wọ́n á jẹ èso ẹ̀ níbí wọ́n á lọ yàgbẹ́ kóró ẹ̀ sí ibi tó jìnnà.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin tèmi. London ni mo ti ń kọ ọ́, ọgbà tèmi ò tó ti ìyá wa yìí rárá, ibi kékeré kan lẹ́yìn ilé ni, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, mo wá kọ́ ilé rọ́bà kan fún ewédú torí òtútù ibí ò jẹ́ kó dàgbà níta. Ohun tó ń bá mi jà ni ìgbín tí ò ní karawun, slug ni wọ́n ń pè é, òru ló ń jáde, tẹ́ ẹ bá sùn pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ ogún ẹ lè jí bá mẹ́rin. Mo máa ń jáde lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì máa ṣà wọ́n sínú agolo, aládùúgbò mi òyìnbó ti rò pé mò ń ṣe nǹkan míì.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ohun tó ń wọ ọgbà yìí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ o, nínú London, á wá sùn sórí ṣẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé ó san owó. Ọ̀kẹ́rẹ́ eérú tó ń wú ohun tí mo bá gbìn. Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé náà ń bẹ, wọ́n ń fò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn kì í ṣe ti ìbílẹ̀ ibí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe odídẹrẹ́ wa, ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn wọn nínú yìnyín, mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín ni.

Níbí wọ́n ní ètò kan tí ẹgbẹ́ RSPB, àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ, ń ṣe ní ìparí oṣù Kìíní ọdọọdún, 1979 ló ti bẹ̀rẹ̀, wàá jókòó sí ojú fèrèsé fún wákàtí kan péré, wàá ka iye ẹyẹ tó bà sínú ọgbà ẹ, wàá fi ránṣẹ́ sí wọn. Èmi àtàwọn ọmọ ń ṣe é. Ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún kan, wọ́n rí mi tí mò ń gbé oúnjẹ ẹyẹ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ sórí igi, wọ́n ní "owó lo fi ra oúnjẹ fún ẹyẹ igbó?" Wọ́n pe àbúrò mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn láti fẹjọ́ mi sùn. Ó wá di ọjọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ló ń jí mi pé ẹyẹ kékeré aláyà pupa yẹn ti dé o, ó ń wo inú ilé, o ò ní lọ dá a lóhùn ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ìyá wa, ewédú tèmi kì í hù dáadáa, nínú ọgọ́rùn-ún kóró bóyá mẹ́wàá ló ń jáde. Kí ni mi ò ṣe?

ÌyáEléwédú

Ẹ ṣé gan-an ni, orí gbogbo yín á máa ṣiṣẹ́ o. OlókoÈrúwà, ọ̀rọ̀ ewé tútù yẹn ni mo gbé lọ bá bàbá wọn bó ṣe wà gan-an, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "hẹn-ẹn", wọ́n wá lọ wá nẹ́ẹ̀tì nínú ṣíto. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, kóró ewédú máa ń sùn ni, ẹ̀yìn ẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kẹ́ ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sá a kó gbẹ lábẹ́ ibòji kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, ẹ kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sè é. Ó máa hù lọ́jọ́ bíi márùn-ún tí ibẹ̀ bá móoru tó.

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́

Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀ oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀, màmá. Èmi ra á rí. Ìdin ń jẹ ilá mi, tata ń jẹ tẹ̀tẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ní kí n pò ó báyìí báyìí, mo fọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo jí, mo bá ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta tó dẹ̀yìn délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀lọ́ tí mo ti ń rí níbẹ̀ láti ọdún tí a kọ́lé, àti akọ alángbá kan tó jẹ́ pé òun ni ọba fẹ́ńsì wa, olórí ọsàn yẹn, ó ti di dúdú. Àwọn ọmọ sunkún. Ìdin náà kú o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan wọ́n padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò wá sí ẹni tó máa jẹ wọ́n mọ́. Ọdún yẹn la jẹ ilá rà lọ́jà.

Láti ìgbà náà omi ewé dóńgóyárò ni mò ń lò, mo máa gún un, mo máa rẹ ẹ́ mọ́jú, mo máa sẹ́ ẹ, mo máa fọ́n ọn láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ò sí. Ìdin tó bá tóbi, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á. Ó gba àkókò. Alángbá míì ti gba ipò, tí oòrùn bá ti ràn á gun orí fẹ́ńsì, á máa mi orí, tí ilẹ̀ bá ṣú gbogbo àwọ̀ yẹn á pòórá, á rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni bọ́ agbádá.

Mo tún ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín. Òwìwí kan ń bà sórí igi máńgòrò wa lóru. Àwọn aládùúgbò ní àjẹ́ ni, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá sọ ọ́ lókò. Mi ò bá wọn jiyàn nípa àjẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Mo kàn mú wọn wá sídìí igi yẹn láàárọ̀ ni, mo fi ohun tó ń bì sílẹ̀ hàn wọ́n, irun àti egungun eku, ó pọ̀ lọ súà. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra oògùn eku lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀fẹ́ lèyí. Ìyá àgbà kan nínú wọn ní tó bá ti jẹ́ eku ló ń jẹ, kó máa jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kó má máa wo ojú fèrèsé tòun.

Kẹ́hìndé_Bódìjà

Màmá Mọ́níyà, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí o, akọ ìrù jíjá ńkọ́? Èmi ṣì ń retí.

ÌyáEléwédú

Kẹ́hìndé ọmọ mi, o ò gbàgbé.

Nẹ́ẹ̀tì ti wà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ọ̀kan ti ń yọ ọmọ, ewé ẹ̀ pé. Koríko tí OlókoÈrúwà sọ ti ga dé ìbàdí mi, wọ́n ń ya òun náà, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ pátápátá o, àwọn mẹ́ta àtijọ́ yẹn mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀kan nínú wọn gbó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀ ò tóbi, a dín in jẹ.

Ní ti akọ yẹn, ó kọ́ ilé mẹ́ta lójú mi, ó tú méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá tó kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná wa. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá mò ń ro àmàlà lọ́wọ́ ni bàbá àwọn ọmọ bá ń pè mí níta tẹ̀dùntẹ̀dùn, mo rò pé ejò ni, mo sáré jáde tòun ti omorogùn lọ́wọ́. Wọ́n na ìka sókè, wọ́n ní "wò ó, ìyẹ́ adìyẹ wa ló ń gbé wọlé yẹn." Abo kan ló wọ inú ilé ìsàlẹ̀ yẹn, ó jáde, ó padà dé pẹ̀lú òmíì lẹ́nu. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí wá. Àmàlà yẹn jóná.